Ogójì Igi Ólífì Nna Megdouda

Ọjọ́ Ẹtì, 18 oṣù kọkànlá

Kí ìwé yìí kọ́kọ́ mọ ẹni tó ń kọ ọ́. Èmi ni Belaid, ọmọ Akli, ará abúlé Agouni lórí òkè. Ogun gbé bàbá mi lọ nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà. Mo jẹ kúsíkúsì tí wọ́n fi ìyẹ̀fun èso igi óákù ṣe, èyí tó korò débi pé ewúrẹ́ á kọ́kọ́ wò ó kó tó fẹnu kàn án. Mo da àgùntàn ẹlòmíràn kiri nínú yìnyín láìní bàtà. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi méjì ṣì wà lórí òkè yẹn títí di òní. Mo fọ́ òkúta fún ọdún mẹ́rin, eruku rẹ̀ ṣì ń bá mi wúkọ́. Mo sùn sábẹ́ àtẹ̀gùn ilé tí mo ń bá wọn kọ́ ní ìlú Aljẹ́. Mo ru sìmẹ́ǹtì títí èjìká mi fi yi bí awọ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Ọdún méjì péré ni mo fẹsẹ̀ tẹ ilé ìwé, ara àpò sìmẹ́ǹtì ni mo ti kọ́ ìwé kíkà tó kù. Ilé wó lù mí lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n hú mi jáde, fìlà mi ni mo kọ́kọ́ béèrè.

Lónìí, ta ló ni ẹ̀rọ tí a fi ń fún epo ólífì kan ṣoṣo tó wà láàárín abúlé mẹ́rin? Èmi ni. Ta ló kọ́ ilé alájà mẹ́ta lójú ọ̀nà mọ́ṣáláṣí? Èmi náà ni. Ogójì ọdún rèé, n kò dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹnikẹ́ni pé kó wá gbà mí.

Ìdí tí mo fi ra ìwé yìí ni pé lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ òní, ìpàdé abúlé fi mí jẹ olórí ìgbìmọ̀. Boussad, tí a jọ da ẹran ní kékeré, ló ní, "Máa kọ gbogbo ohun tí o bá ṣe sílẹ̀ o, kí a lè mọ ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í bú ọ." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, mo sì lọ ra ìwé.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó délẹ̀ ni ti Nna Megdouda; Nna la fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà obìnrin níbí. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́wàá tó yọ̀ ṣubú lójú ọ̀nà ìsun omi, egungun ìbàdí rẹ̀ sì sán. Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin. Òun àti Chabha ọmọ rẹ̀ obìnrin nìkan ló wà nílé, ọkọ ti kú láti ìgbà pípẹ́. Ogójì igi ólífì ló ní létí àfonífojì, epo ibẹ̀ ni wọ́n fi ń gbé ọdún. Chabha nìkan kò lè ká a. Hamou, ọmọ àbúrò rẹ̀ tó ń gbé ìlú Bijaya, ti tẹ ìgbìmọ̀ láago: bí epo kò bá wọ ìkòkò kí yìnyín tó bọ́, òun ń bọ̀ wá kó àwọn méjèèjì lọ sí àjà kẹrin níbi tí òun ń gbé. Ilé méje ló ti tì pa ní abúlé yìí, ẹnikẹ́ni kò sì padà wá ṣí ọ̀kan nínú wọn.

Mo dìde, mo ní, "Kí yìnyín tó bọ́, epo Nna Megdouda á ti wà nínú ìkòkò." Gbogbo wọn gbọ́. Èmi kì í sọ ohun tí n kò ní ṣe.

Òjò ọjọ́ kẹta rèé. Ògiri òkúta tó mú ilẹ̀ oko mi ìsàlẹ̀ dúró ti wó, ó gùn tó ọkọ̀ akẹ́rù méjì. N óò pe àwọn bíríkìlà láti ìlú.

Ọjọ́ Ajé, 21

Òjò ṣì ń rọ̀. Mo dúró ní òdìkejì odò wo igi Nna Megdouda. Ó so, ó so! Àwọn ẹ̀ka ń tẹ̀ wálẹ̀ bí obìnrin tó ru omi. Ìdajì ti ń dúdú. Àpò sẹ̀mó ti di ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ dínárì lọ́jà, àwọn lébìrà tó ń ká ólífì sì ń sọ̀rọ̀ bí ọmọ ọba. Àwọn bíríkìlà ní àwọn ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀.

Ọjọ́rú, 23

Mo ti to gbogbo rẹ̀ sí ọkàn mi. Ọjọ́ Àbámẹ́ta la ó ṣe ọ̀wẹ̀ náà. Àwọ̀n mi tí a ó tẹ́ sábẹ́ igi, àkàbà mi, ọkọ̀ mi. Aládùúgbò tí kò rówó ra sẹ̀mó, ibo ni yóò ti rí oúnjẹ tí yóò fi bọ́ ọgbọ̀n ènìyàn? Nítorí náà, Dehbia ìyàwó mi ni yóò dáná. N óò fi àgùntàn kan àti àpò sẹ̀mó kan ránṣẹ́ sí ilé ìyá náà pẹ̀lú, kí wọ́n rí nǹkan jẹ.

Dehbia ní, "Bàbá Ferhat, ṣé ẹ ti bi í?"

"Bi í léèrè kí ni? Ìbàdí rẹ̀ sán, igi rẹ̀ so. Kí ló kù tí n óò bi í?"

Ó ń bọ́ èèpo ẹ̀wà lọ. Ọwọ́ rẹ̀ kan ń yára jù bó ṣe máa ń yára lọ ni.

Ọjọ́ Ẹtì, 25

Ọjọ́ tó dára. Lẹ́yìn ìrun, mo gba gbohùngbohùn mọ́ṣáláṣí lọ́wọ́ akéde, mo sì fi ẹnu ara mi kéde rẹ̀: pé abúlé yóò ká ólífì fún Nna Megdouda lọ́la, pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe yọ ìyá náà lẹ́nu nítorí oúnjẹ, èmi Belaid ni n óò bọ́ gbogbo ènìyàn. Ohùn mi dé òdìkejì odò. Àgùntàn àti sẹ̀mó gba àárín abúlé kọjá nínú ọkọ̀ mi ní ọ̀sán gangan. Àwọn tó wà lẹ́nu ilé kọfí dìde wò ó.

Àwọn bíríkìlà kò wá lánàá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 26

N óò kọ ọ́ bó ṣe rí.

Mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wá. Oòrùn yọ lẹ́yìn òjò, gbogbo ènìyàn ń dá àpárá. Dehbia àti obìnrin mẹ́ta tẹ̀ lé wa pẹ̀lú ìkòkò. A yí kọ́nà àfonífojì, a bá Nna Megdouda lórí àga onígi láàárín ọ̀nà gan-an, ọ̀pá lórí itan rẹ̀, Chabha dúró sẹ́yìn rẹ̀. Bí wọ́n ṣe gbé e débẹ̀ pẹ̀lú ìbàdí yẹn, n kò mọ̀.

Mo ní, "Ẹ kú àárọ̀, Nna. Òtútù mú, ẹ ò bá dúró sílé."

"Belaid, kí lẹ wá ṣe?"

"Ọ̀wẹ̀ yín la wá ṣe."

"Ọ̀wẹ̀ mi? Ta ló pè é?"

"Èmi ni, Nna."

"Ṣé ìwọ lo ni igi ni?" Ó fi ọ̀pá tọ́ka sí ẹ̀yìn mi. "Kí ló wà lórí Dehbia yẹn?"

"Oúnjẹ àwọn òṣìṣẹ́ ni. Kí ẹ má baà dààmú."

"Ó káre. Oúnjẹ rẹ ni, àkàbà rẹ ni, gbohùngbohùn sì jẹ́ tìrẹ. Ó ku kí o lọ wá igi tìrẹ, kí ẹ máa lọ ká a."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Boussad ni. Mo mọ ẹ̀rín yẹn láti ìgbà tí a wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà.

Mo ní, "Nna, ólífì ń jábọ́. Yìnyín ń bọ̀."

Ó ní, "Mo ti rí yìnyín ṣáájú rẹ."

Ta ni yóò gba ara obìnrin tó jókòó lórí àga kọjá wọ inú oko rẹ̀? Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà níkọ̀ọ̀kan. Àwọn obìnrin ló kọ́kọ́ lọ. Dehbia kò tilẹ̀ wo ojú mi.

Nígbà tí mo délé, mo bá àgùntàn náà níbi tí wọ́n so ó mọ́ ilẹ̀kùn mi, àpò sẹ̀mó sì fara ti ògiri. Okùn ẹnu rẹ̀ kò tíì tú. Nígbà tí àwa ń gba ọ̀nà òkè lọ, àwọn kan ti gba ọ̀nà ìsàlẹ̀ kó wọn padà.

Ọjọ́ Àìkú, 27

N kò ní nǹkan kan láti kọ. Àgùntàn náà ń ké.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 29

Dómínò pẹ̀lú Boussad ní ilé kọfí. Ó ní, "O fi gbohùngbohùn kéde ìyá ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin bí ẹni tí ewúrẹ́ rẹ̀ sọ nù."

"Ṣé ìrànlọ́wọ́ ni mo ṣe tàbí èébú?"

"Sàráà lo ṣe. A kì í ṣe sàráà fún ara wa nínú oko, ọ̀wẹ̀ la ń ṣe. Ìwọ kò mọ ìyàtọ̀ rẹ̀ ni? Bí mo bá pè ọ́, tí o wá, tí o jẹ oúnjẹ mi, àwa méjèèjì la nílé tiwa. Bí o bá gbé oúnjẹ tìrẹ wá, o ti sọ fún gbogbo ayé pé iná mi ti kú."

"Kí ló fẹ́ fi bọ́ ènìyàn mọ́kànlélọ́gbọ̀n?"

"Ìyẹn kò kàn ọ́. Ṣé ìwọ ni ikùn gbogbo wa?" Ó ta dómínò rẹ̀ mọ́lẹ̀ pàá. Òun ló borí. Kì í sábà borí mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 3 oṣù kejìlá

Afẹ́fẹ́ láti àárọ̀. Mo tún lọ sí òdìkejì odò. Ilẹ̀ abẹ́ igi rẹ̀ ti dúdú. Mo rí Chabha nìkan lórí eékún, ó ń ṣà á sínú agbọ̀n ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, bíi kí ènìyàn máa fi ṣíbí gbọ́n odò. Ìmàdò ti wú apá kan. Rédíò ní yìnyín yóò dé àárín oṣù. Ẹ̀rọ mi ń fún epo abúlé mẹ́rin tọ̀sán-tòru. Ní abúlé mi, ti ẹnì kan péré ló kù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6

Mo lọ. Mo fẹ́ mú ṣúgà àti kọfí dání fún Nna Megdouda, Dehbia gbà á lọ́wọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ máa lọ lọ́wọ́ òfo, bàbá Ferhat. Ẹ ṣe bí èèyàn."

Wọ́n tẹ́ ẹní sí ẹ̀gbẹ́ iná fún ìyá náà. Ìkòkò epo méjì wà níbi tí wọ́n ti wà láti ayé ìyá ọkọ rẹ̀, wọ́n mọ wọ́n mọ́ ògiri, wọ́n ga tó àyà mi.

"Gbá a," ló wí, kí n tó jókòó.

Mo fi ìka gbá ìkòkò náà. Ó dún bí yàrá òfìfo.

"O gbọ́ ọ? Èmi náà ń gbọ́ ọ. Má wá sọ fún mi pé yìnyín ń bọ̀."

Àpò ọ̀rá ńlá méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Hamou ló fi wọ́n ránṣẹ́ kí wọ́n kó ẹrù sí i. Ìyá náà ti rọ àlùbọ́sà sínú ọ̀kan.

Mo ní, "Nna, mo ṣe àṣìṣe." Mo kọ ọ́ síbí nítorí n kì í sábà sọ ọ́.

"O ṣe é. Nígbà tí ogun mú Akli bàbá rẹ, ta ló ká ólífì ìyá rẹ?"

"Abúlé ni."

"Èmi wà níbẹ̀. Oṣù mẹ́ta péré ni mo tíì lò nílé ọkọ, làálì ṣì wà lọ́wọ́ mi. Kí ni ìyá rẹ gbé síwájú wa?"

"Kúsíkúsì èso óákù."

"Ó korò! Ọlọ́run mi, ó korò. Ìyá ọkọ mi fi ojú sọ fún mi pé bí n bá fajú ro, òun á fa etí mi nílé. Mo jẹ ẹ́ tán, mo ní kí wọ́n bù sí i. Gbogbo wa la ní kí wọ́n bù sí i. Ìyá rẹ ń rìn láàárín wa pẹ̀lú ṣíbí ńlá lọ́wọ́, ó ń bú àwọn ọkùnrin pé wọn ò yó. Mi ò rí i kó ga tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ká ní ẹnì kan gbé àlìkámà tirẹ̀ wá láti ilé rẹ̀ lọ́jọ́ náà ńkọ́, Belaid? Ojú wo ni ìyá rẹ ì bá fi lọ pọn omi lọ́jọ́ kejì?"

Ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni mo ti ń ka oúnjẹ yẹn mọ́ ìyà tó jẹ mí. Ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé yìí ni mo kọ ọ́ sí. N kò rò ó rí pé oúnjẹ tí ìyá mi fi gba àlejò ni.

Mo ní, "Ẹ pe ọ̀wẹ̀ náà fúnra yín nígbà náà. N óò wá, n óò sì jẹ ohun tí ẹ bá gbé kalẹ̀."

"N óò pè é. Báálì wà nílé, ẹ̀wà wà, ọ̀pọ̀tọ́ gbígbẹ wà. Ṣùgbọ́n dá mi lóhùn. Ìgbà wo ni ìwọ pe ọ̀wẹ̀ kẹ́yìn?"

"Èmi? N kò pè é rí. Lébìrà ni mo ń gbà."

"Mo mọ̀. Gbogbo abúlé ló mọ̀. Ogójì ọdún lo fi ń wá sí tiwa pẹ̀lú ọkọ̀ rẹ, pẹ̀lú àwọ̀n rẹ, o ń ṣiṣẹ́ bí ìbaaka, kí Ọlọ́run fún ọ lókun sí i. Ọjọ́ wo la fẹ́ wá sí tìrẹ? Chabha ní ọwọ́ méjì tó dá ṣáṣá. Bí o bá ká igi mi lónìí, oko ta ni yóò lọ ṣiṣẹ́ lọ́la? Bí kò bá sí iṣẹ́ tó lè wá ṣe ní oko rẹ, sàráà yẹn náà ni o tún gbé wá, o kàn dì í sínú aṣọ mìíràn."

"Ẹ fẹ́ kí n máa tọrọ, Nna? Ní ọjọ́ ogbó mi?"

"Mo fẹ́ kí o pè wá."

Mo dìde. Mo ní mo ti búra fún ara mi lábẹ́ àtẹ̀gùn Aljẹ́ pé n kò ní bẹ ẹnikẹ́ni mọ́ láyé.

Ó ní, "Ó dáa. Sọ fún Hamou kó máa bọ̀. Kó àlùbọ́sà inú àpò yẹn lọ fún Dehbia bí o bá ń lọ, n óò lo àpò náà."

Mo kó àlùbọ́sà náà. Kí ni mo fẹ́ ṣe?

Ọjọ́bọ̀, 8

Àwọn bíríkìlà ní iṣẹ́ ìjọba ti gbà wọ́n, ó di ọ̀sẹ̀ méjì. Òjò tún ti gbé apá kan ògiri mi lọ, erùpẹ̀ ń ṣàn wọ inú odò. Èmi tí mo kọ́ ilé alájà mẹ́ta! Mo gbé òkúta méjì padà sórí ara wọn fúnra mi, ẹ̀yìn mi sọ fún mi pé ó tó.

Mo ń ráhùn nílé. Dehbia gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Bàbá Ferhat, ogójì ọdún ni mo ti ń lọ jẹun nínú ọ̀wẹ̀ àwọn obìnrin abúlé yìí. Ìkòkò mi tóbi ju tiwọn lọ, kò sì bọ́ ẹnikẹ́ni rí. Bí wọ́n bá ń sọ pé oúnjẹ ọ̀wẹ̀ lágbájá dùn, èmi á máa wo ilẹ̀. Ẹ rò pé mo ń gbádùn ẹ̀?"

N kò mọ̀. Wọn kò sọ fún mi rí. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ ọ́. Ó ní, "Ta ní ń sọ̀rọ̀ nígbà tí ẹ̀yin bá ń sọ̀rọ̀?"

Ọjọ́ Ẹtì, 9

Mo lọ sí ilé Nna Megdouda kí ìrun tó bẹ̀rẹ̀. N kò wọlé. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Nna, n óò pè é."

"Ìgbà wo?"

"Lẹ́yìn tiyín. Ògiri oko mi wó."

"Mo ti gbọ́ pé ó wó. Odò náà ń gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá pẹ̀lú erùpẹ̀ rẹ. Wọlé wá fọwọ́ lé búrẹ́dì."

Mo fọwọ́ lé búrẹ́dì, mo ṣèlérí. Búrẹ́dì báálì ni, ó gbóná.

Kò sí gbohùngbohùn. Chabha ló ń lọ láti ilé dé ilé: "Ìyá mi ń pè yín fún ọ̀la." Ó ń yá abọ́ àti ṣíbí bó ṣe ń lọ. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó pè mí ní Dda bí a ṣe ń pe àgbà ọkùnrin, ó ní, "Dda Belaid, ìyá mi ní kí ẹ yá òun ní àwo onígi ńlá yín." Inú mi dùn bí ẹni tí wọ́n fún ní oko. Èmi ni mo fọ̀ ọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10

Mẹ́tàlélógójì! Mẹ́tàlélógójì ènìyàn ló wá, wọ́n fi méjìlá ju tèmi lọ, n kò sì bínú sí i. Ojú ọ̀run mọ́, òtútù ń jẹ etí, yìnyín ti funfun lórí òkè gíga.

Àga Nna Megdouda kò sí láàárín ọ̀nà mọ́. Abẹ́ igi àkọ́kọ́ ló wà, aṣọ ìbora lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ọ̀pá lọ́wọ́, ó ń pàṣẹ bí ọ̀gágun. Àwọn obìnrin ń kọrin, ọ̀kan á dá a, òdìkejì oko á gbè é. Mo gun igi. Ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kò pé, mo gun igi mẹ́sàn-án. Kí ẹni tó bá ń ka ìwé yìí lọ́jọ́ kan mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Boussad pariwo láti ìsàlẹ̀, "Sọ̀ kalẹ̀, bàbá arúgbó! A ò tíì gbẹ́ ibojì rẹ, àpáta ni gbogbo ilẹ̀!"

"Ìwọ náà gòkè wá, tàbí ikùn rẹ ò gbà fún ọ ni?"

Nna Megdouda ní, "Belaid! Ẹ̀ka tó wà lẹ́yìn rẹ yẹn, ṣé àwọn ẹyẹ lo fi í sílẹ̀ fún?"

Ìdajì ólífì ló ti jábọ́ ṣáájú, a ṣà á lórí eékún. Ṣùgbọ́n ohun tó kù lórí igi pọ̀.

Nígbà tí oòrùn dé àárín, wọ́n gbé oúnjẹ wá: kúsíkúsì báálì pẹ̀lú ẹ̀wà gbígbẹ, wàrà kíkan nínú garawa, ọ̀pọ̀tọ́ lórí ewé. A jókòó yí àwo mi ká. Kí n tó na ọwọ́, Chabha gbé abọ́ kékeré kan kalẹ̀ níwájú èmi nìkan. Òórùn rẹ̀ ti sọ fún mi kí ojú mi tó rí i. Èso óákù ni. Àwọn àgbà tó wà níbẹ̀ mọ ohun tó jẹ́.

Nna Megdouda ń wò mí láti orí àga rẹ̀.

Mo jẹ ẹ́. Kò yí padà rárá, ó korò bó ṣe korò láyé ìyá mi. N kò fajú ro. Mo jẹ ẹ́ tán, mo na abọ́ náà sí Chabha, mo ní, "Bù sí i."

Ìyá náà bú sẹ́rìn-ín tí ọ̀pá fi já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn obìnrin ké lílìlì ayọ̀. Boussad ní, "Wọ́n ti rí ẹni tí yóò máa jẹ oúnjẹ ewúrẹ́ wa!" Lẹ́yìn náà ó fi ìka tọ́ ọ wò, ojú rẹ̀ yí bìrí. Nna Megdouda bẹ̀rẹ̀ sí í bú gbogbo wa pé a ò yó, pé ṣé oúnjẹ òun kò dùn ni. Mo wò ó, mo rí ṣíbí ńlá ìyá mi.

Kí àkókò ìrun àsárì tó tó, kò sí ẹyọ kan lórí igi. Ogójì igi. Mo ti sọ ọ́ pé a ó ṣe é.

Ọjọ́ Ajé, 12

A fún epo Nna Megdouda. Ó jáde pẹ̀lú àwọ̀ ewé, ó ń ta ọ̀fun bí ata. Mo fẹ́ fi ìwọ̀n epo tí ẹni tó ni ẹ̀rọ máa ń mú gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ sílẹ̀ fún wọn. Chabha na garawa sí mi: "Ìyá mi ní ẹ mú ìwọ̀n yín, Dda Belaid. Ó ní kí ẹ má dán an wò." Mo mú un. Mo ti ń gbọ́n díẹ̀díẹ̀.

Kò kún ìkòkò méjèèjì. Ó kún ọ̀kan dé ọrùn, ó sì mu èkejì dé àárín. Wọ́n á jẹ ẹ́ dé ìkórè ọdún tó ń bọ̀ bí wọ́n bá ṣọ́ ọ lò. Nna Megdouda ní kí n gbá a. Mo gbá a. Kò dún.

Ọjọ́bọ̀, 15

Yìnyín. Ó bọ́ láti àárọ̀, ọ̀nà ìlú ti dí. Ta ló sọ pé epo á ti wà nínú ìkòkò?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 17

Wọ́n ṣí ọ̀nà lánàá, Hamou sì dé lónìí pẹ̀lú ọkọ̀ tó fẹ́ fi kó wọn. Ó wọlé, ó rí ìkòkò, ó fi búrẹ́dì kan epo. Ìyá náà bi í pé ṣé oko epo wà ní àjà kẹrin. Ó jókòó jẹun. Nígbà tó ń lọ, garawa epo kan àti àpò àlùbọ́sà ló wà nínú ọkọ̀ rẹ̀. Mo juwọ́ sí i láti orí òrùlé mi.

Àwọn bíríkìlà ìlú tẹ̀ mí láago lọ́sàn-án yìí. Iṣẹ́ ìjọba ti dúró nítorí yìnyín, wọ́n ní àwọn lè wá ní ọjọ́ Ajé. Dehbia dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń nu abọ́ kan náà láìdáwọ́ dúró. Mo ní kí wọ́n má wá.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, n óò dìde ní ìpàdé. Kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí olórí ìgbìmọ̀. N óò kúrò lórí àga olórí, n óò dúró síbi tí àwọn tó ń pe ọ̀wẹ̀ máa ń dúró. N óò ní: "Ẹ̀yin ará ilé, ògiri mi wó. Mo ń pè yín fún ọ̀la." Ó pin síbẹ̀. Mo ti ń dán an wò lẹ́yìn ilé, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ nìkan ló ń gbọ́. Ó máa ń há mi lọ́fun ní "mo ń pè yín". Lónìí, mo sọ ọ́ já lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹni tó kọ́ ìwé kíkà lára àpò sìmẹ́ǹtì, ọjọ́ mẹ́fà ti pọ̀ jù fún un láti kọ́ gbólóhùn méjì.

Ní Àbámẹ́ta, gbogbo Agouni yóò to òkúta ní oko ìsàlẹ̀. Èmi ni n óò fi ìlà lélẹ̀, nítorí kò sí ẹni tó mọ ògiri tó mi láàárín abúlé mẹ́rin. Boussad yóò ru òkúta, n óò sì rí i pé ó ru èyí tó wúwo. Chabha ti ní òun ló máa kọ́kọ́ dé. Nna Megdouda ní kí a gbé àga òun wá sí oko mi, ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa wò bóyá ìlà mi tọ́. Dehbia ti gbé ìkòkò ńlá náà sọ̀ kalẹ̀ láti orí pẹpẹ, ó ti ń fi iyanrìn fọ ìdí rẹ̀ láti àárọ̀, ó sì ń kọrin. Àgùntàn yẹn náà, tó ti lọ tó sì ti bọ̀, yóò wọ inú rẹ̀. Kúsíkúsì yóò jẹ́ ti báálì, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé Belaid ń ṣe fọ́ńté. Abọ́ kékeré kan tí èso óákù wà nínú rẹ̀ yóò sì wà níwájú Boussad. N óò dúró tì í pẹ̀lú ṣíbí ìyá mi lọ́wọ́, títí yóò fi ní kí n bù sí i.